Ọkọ̀ Tí Kì Í Fọhùn

Ọmọ mi, nígbà tí o gbé mọ́tò tuntun yẹn wọ àgbàlá mi lánàá, mi ò gbọ́ ọ. Mo jókòó lábẹ́ igi máńgòrò, mo ń ka ìwé ìròyìn, ẹ̀yìn mi ni o gbà wọlé. Ìgbà tí ajá gbó ni mo tó bojú wẹ̀yìn, tí mo rí ọkọ̀ ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi. O rẹ́rìn-ín, o ní, "Bàbá, iná ló ń lò, kì í pariwo." Mo kí ọ kú oríire, mo sì fi ọwọ́ lé e, mo gbàdúrà sí i. Àdúrà náà ti inú mi wá. Ṣùgbọ́n oorun kò kùn mí dáadáa lóru, òun ni mo fi ń kọ èyí sí ọ.

Ọdún 31 ni mo fi wa ọkọ̀ èrò. Etí àti imú ni ọ̀gá mi fi kọ́ mi níṣẹ́. Kì í jẹ́ kí n tan rédíò. Ó ní kí n máa gbọ́ ohun tí ẹ́ńjìnnì ń wí. Bí bíréèkì bá ń han, páàdì ti tán. Bí sítíárìn bá ń gbọ̀n lọ́wọ́, lọ wo táyà. Lọ́jọ́ kan lọ́nà Ṣágámù, òórùn bẹntiróòlù ta sí mi nímú. Mo dúró, mo ní kí gbogbo èrò bọ́ sílẹ̀. Ìyá kan bínú, ó ní ọjà òun ń tú lọ. Nígbà tí mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, rọ́bà tó ń gbé epo ti sán, epo sì ń kán tótó sẹ́gbẹ̀ẹ́ irin gbígbóná. Èèyàn 14 la jẹ́ nínú ọkọ̀ náà. Imú mi ló yọ wá.

Èyí tí o rà yìí kò ní òórùn, kò ní ariwo. Adákẹ́ má fọhùn, a kò mọ ti ẹni tó ń ṣe. Iṣẹ́ tí etí àti imú ń bá wa ṣe, ìbéèrè àti ìwé kíkà ni wàá fi ṣe é, kí ọjọ́ tí wàá nílò rẹ̀ tó dé.

Má rò pé mo fẹ́ kí o lọ tà á. Epo bẹntiróòlù kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹnikẹ́ni. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ní Májìyà ní ìpínlẹ̀ Jigawa, táńkà epo kan ṣubú, iná rẹ̀ sì pa èèyàn tó lé ní 150. Ní ilẹ̀ Sweden tí wọ́n ti ń ka iye ọkọ̀ tó ń jóná, wọ́n rí i pé ti oníná mànàmáná kéré gan-an sí ti elépo. Ọkọ̀ rẹ kì í ṣe àǹjọ̀nú. Ìwà tirẹ̀ ló yàtọ̀.

Bátìrì tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ kì í ṣe ẹyọ kan. Sẹ́ẹ̀lì lọ́gọ́rọ̀ọ̀rún ni, nínú ọkọ̀ mìíràn ẹgbẹẹgbẹ̀rún, tí wọ́n tò jọ bí ẹyin nínú kéréètì. Bí ọ̀kan bá fara pa, tàbí tó ti lábùkù láti ilé iṣẹ́, iná inú rẹ̀ lè gba ọ̀nà ẹ̀bùrú, kó sì gbóná kọjá ààlà. Ooru rẹ̀ á ran èkejì, èkejì á ran ẹ̀kẹta. Ìdí nìyẹn tí àwọn panápaná fi ń da omi lé e fún wákàtí púpọ̀: wọ́n ń wá bí inú rẹ̀ á ṣe tutù. Ó sì lè dà bíi pé iná ti kú, kó tún sọ. Ní Mountain View ní California, oṣù Kẹta ọdún 2018, ọkọ̀ Tesla kan kọlu ìdènà ojú títì, ó jóná, awakọ̀ rẹ̀ kú. Wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà lọ síbi tí wọ́n ń kó irú rẹ̀ sí. Lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún, bátìrì rẹ̀ tún gbiná.

Ti Incheon ní Kòríà Gúúsù ló kọ́kọ́ gba oorun lójú mi. Ní àárọ̀ ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ ọdún 2024, ọkọ̀ Mercedes kan tó dúró jẹ́ẹ́ ní ibi ìgbọ́kọ̀sí lábẹ́ ilé gbígbé gbiná fúnra rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò ṣáájì rẹ̀ lọ́wọ́, kò kọlu nǹkan kan. Ọkọ̀ tó lé ní 100 ló bàjẹ́, èéfín sì gba ilé kan. Omi tó yẹ kó rọ̀ láti àjà kò rọ̀, nítorí òṣìṣẹ́ kan ti tẹ bọ́tìnì tó dá a dúró. Ọlọ́run ló yọ wọ́n tí ẹnikẹ́ni kò kú.

Nítorí náà, má gbé e sábẹ́ yàrá tí àwọn ọmọ ń sùn. Àwọn àgbà ní a kì í fi iná sórí òrùlé ká sùn. Nígbà tí General Motors rí àbùkù nínú sẹ́ẹ̀lì Chevrolet Bolt, tí wọ́n pe gbogbo rẹ̀ padà ní 2021, ó lé ní 140,000, ohun tí wọ́n sọ fún àwọn tó ni ín nìyẹn gan-an: ẹ gbé e síta bí ẹ bá ṣáájì rẹ̀ tán, ẹ má fi í sórí iná mọ́jú. Tòkunbọ̀ ni tìrẹ, láti Amẹ́ríkà. Kò sí ẹni tó máa kọ lẹ́tà irú rẹ̀ sí ọ ní Ìbàdàn. Nọ́ńbà VIN ọkọ̀ náà wà lábẹ́ gíláàsì iwájú. Fi í sórí ìkànnì NHTSA, àjọ ààbò ojú pópó wọn, ọ̀fẹ́ ni, wàá rí i bóyá wọ́n ti pè é padà rí tí ẹni tó kọ́kọ́ ni ín kò sì gbé e lọ. Ṣe é lónìí. Béèrè bóyá ó ti ní jàǹbá rí, bóyá ó ti mu omi.

Omi yẹn ńkọ́? Lẹ́kí ni o ń gbé ní ọjọ́ iṣẹ́, ìwọ náà sì mọ bí omi ṣe ń ṣe níbẹ̀. Nígbà tí ìjì Ian fẹ́ omi òkun wọ ìlú ní Florida ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, àwọn ọkọ̀ oníná tó mu omi iyọ̀ ń gbiná lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Iyọ̀ a máa wọ inú bátìrì, á jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ìmọ̀ràn tí wọ́n fún aráàlú ni kí wọ́n wọ́ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ jìnnà sí ilé, ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà 50. Bí omi òkun tàbí ti ọ̀sà bá bo tìrẹ dé ìjókòó, má tan án wò, má sì ṣáájì rẹ̀.

Wáyà aláwọ̀ ọsàn tó wà lábẹ́ rẹ̀, kí riwáyà ẹ̀bá títì má fọwọ́ kàn án. Iná NẸ́PÀ tó ń pa èèyàn kò ju fóltì 240 lọ; ti ọkọ̀ rẹ tó 400. Sọ fún àbúrò rẹ ní Kútọ̀nù pẹ̀lú, tó ń fi alùpùpù oníná ṣiṣẹ́ ọ̀kadà: bátìrì tó bá wú tàbí tó fọ́, kó dá a padà fún àwọn tó ń pààrọ̀ rẹ̀, kó má gbé e wọ yàrá, kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u. Ní New York, iná bátìrì irú èyí tó wà nínú kẹ̀kẹ́ oníná pa èèyàn 18 ní ọdún 2023 nìkan.

Mo gbọ́ tí o sọ pé ọkọ̀ náà lè darí ara rẹ̀ lójú títì. O sọ ọ́ tayọ̀tayọ̀, mi ò dá ọ lóhùn. Èsì mi rèé. Ní Florida ní 2016, awakọ̀ Tesla kan fi ọkọ̀ lé Autopilot, ẹ̀rọ tó ń darí rẹ̀, lọ́wọ́. Tírélà kan dábùú ọ̀nà. Ọkọ̀ kò tẹ bíréèkì, awakọ̀ kò tẹ ẹ́. Àwọn olùwádìí rí i pé nínú ìṣẹ́jú 37 tó fi lò ó, ìṣẹ́jú àáyá 25 péré ni ẹ̀rọ fi mọ ọwọ́ rẹ̀ lórí sítíárìn. Ní òru ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 2025, ọmọbìnrin mẹ́ta, akẹ́kọ̀ọ́, wà nínú Xiaomi SU7 ní ìgbèríko Anhui ní Ṣáínà. Ẹ̀rọ ló ń darí ọkọ̀ náà, lórí eré kìlómítà 116 ní wákàtí kan. Wọ́n ti dí ọ̀nà níwájú nítorí iṣẹ́. Ẹ̀rọ ké sí awakọ̀, awakọ̀ gba ọkọ̀ padà, kò pé ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan tó fi kọlu kọnkéré. Iléeṣẹ́ Xiaomi fúnra rẹ̀ ló ní eré 97 ló ṣì wà lára rẹ̀. Ọkọ̀ gbiná, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kú.

Ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan! Ẹni tí ojú rẹ̀ ti kúrò lọ́nà, tí ọkàn rẹ̀ ti lọ sílé, ṣé irú àkókò yẹn tó o láti padà dé? Èmi tí mo wa ọkọ̀ fún ọdún 31, kò tó mi. Mo ní ọmọ-ọmọ obìnrin ní yunifásítì, mi ò lè ka ìròyìn náà tán lẹ́ẹ̀kan. Ohun tí ẹbí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta yẹn ń béèrè lẹ́yìn rẹ̀ ni bóyá ilẹ̀kùn ṣí.

Ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ, bọ́tìnì lo fi ń ṣí i. Bátìrì kékeré kan ló ń fún bọ́tìnì náà lágbára. Bí bátìrì yẹn bá kú tàbí tí ìkọlù bá já wáyà rẹ̀, bọ́tìnì di òkúta. Ní Amẹ́ríkà, ìjọba bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ní 2025 lórí Tesla Model Y nítorí àwọn òbí tó bọ́ sílẹ̀, tí ilẹ̀kùn kò ṣí mọ́, tí ọmọ sì wà nínú ìjókòó ẹ̀yìn. Àwọn kan fọ́ fèrèsé kí wọ́n tó rí ọmọ wọn gbé. Ní Ṣáínà wọ́n ti ṣòfin pé láti ọdún 2027, ilẹ̀kùn ọkọ̀ oríṣi tuntun gbọ́dọ̀ ní ohun tí èèyàn lè fi ọwọ́ fà, kódà bí iná bá kú. Tìrẹ ní i, mo ti wo ìwé rẹ̀ tí o gbàgbé sórí tábìlì mi. Ti iwájú wà níbi tí ọwọ́ tó o. Ti ẹ̀yìn wà nísàlẹ̀ àpò ilẹ̀kùn, lábẹ́ ìdérí kan, o sì sọ fún mi lánàá pé o kò tíì rí i.

Gbé e wá ní Sátidé, kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ bá ọ wá. A ó gbé e sábẹ́ igi máńgòrò. Màá fi fìlà mi bo ojú yín níkọ̀ọ̀kan, ẹ ó jókòó sẹ́yìn, ẹ ó máa wá ohun náà títí ọwọ́ yín á fi mọ̀ ọ́n láìwò, pàápàá èyí àbíkẹ́yìn tó ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.