Ẹ̀KỌ́ FÚN ỌMỌ ẸGBẸ́: ṢÉ KÍ A RA KÁÀDÌ TUNTUN NI, TÀBÍ KÍ A DÚRÓ?



Lára àwọn tó ń tọrọ ẹ̀yáwó nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lóde òní ni àwọn tó ń ya fídíò òde ìnáwó, tí wọ́n ń gé e tí wọ́n sì ń tò ó lórí kọ̀ǹpútà. Ohun tí púpọ̀ nínú wọn fẹ́ rà ni káàdì gíráfíìkì, ìyẹn pátákó inú kọ̀ǹpútà tó ń ṣe iṣẹ́ àwòrán. Bí ó bá lágbára, iṣẹ́ tí ìbá gba òru mọ́jú lè parí kí a tó sùn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan a máa dá ẹni tó fẹ́ rà á dúró: “Wọ́n ní tuntun ń bọ̀.” Ṣé kí ó rà á ni, àbí kí ó dúró? Owó tí yóò fi rà á, owó gbogbo wa ni. Onídùúró sì ti fọwọ́ sí i. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a jọ gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀wò.

1. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láti ọdún 2020 sí 2022

Ní ọjọ́ 1, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2020, ilé iṣẹ́ Nvidia ní Amẹ́ríkà kéde káàdì tuntun mẹ́ta. Ọ̀kan nínú wọn, RTX 3070, dọ́là 499 ni wọ́n pe owó rẹ̀. Wọ́n ní agbára rẹ̀ kò kéré sí ti RTX 2080 Ti, èyí tí àwọn fúnra wọn tà ní dọ́là 1,199 ní ọdún 2018. Bí àwọn tó ní 2080 Ti ti gbọ́ ọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn sáré ta tiwọn lọ́pọ̀.

Kí ni wọ́n wá rí? Nígbà tí RTX 3080 dé ọjà ní ọjọ́ 17 oṣù náà, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ó fi tán. Àìsàn kòrónà ti sọ ọ̀pọ̀ ènìyàn di ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ nílé. Èròjà sì wọ́n. Àwọn tó ń fi káàdì wa Ethereum, owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ń kó o. Àwọn alágbàtà náà ń rà á pamọ́. Ní ọdún 2021, káàdì tí wọ́n pè ní dọ́là 699 ń lọ ní ìlọ́po méjì lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó ti ta tirẹ̀ kò ní tuntun, kò sì ní àtijọ́ mọ́. Àwọn àgbà ti wí fún wa tipẹ́ pé kí a má ṣe torí òjò tó ṣú da omi inú agbada nù.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ní apá kejì. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022 ni owó káàdì ti ń wálẹ̀. Ní ọjọ́ 15, oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, Ethereum yí ètò rẹ̀ padà, kò sì nílò káàdì mọ́. Ọ̀pọ̀ àlòkù bá ya wọ ọjà. Ẹni tó ra ti ìlọ́po méjì láti fi ṣeré, ó gbé gbèsè pọ̀n. Ẹni tó ń fi tirẹ̀ pawó láti ọjọ́ kìíní, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀.

2. Àhesọ kì í ṣe ọjà

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022 kan náà, Nvidia kéde RTX 4080 oní-gígábáìtì 12 ní dọ́là 899. Kí oṣù Kẹwàá tó parí, wọ́n ti fagi lé e, láìtà ẹyọ kan. Ní oṣù Kìíní ọdún 2023, wọ́n pa orúkọ rẹ̀ dà sí RTX 4070 Ti, wọ́n sì tà á ní dọ́là 799. Bí ohun tí olóko fi ẹnu ara rẹ̀ sọ bá lè yí padà báyìí, kí ni a ó ti sọ nípa ohun tí èrò ọjà ń sọ?

3. Náírà tiwa ńkọ́?

Kí oṣù Kẹfà ọdún 2023 tó dé, nǹkan bí ₦470 ni dọ́là kan ní iye owó ìjọba. Káàdì dọ́là 300 jẹ́ ₦141,000. Lóṣù náà ni ìjọba jọ̀wọ́ náírà fún ọjà. Nígbà tí ọdún 2024 fi parí, dọ́là kan ti kọjá ₦1,500. Ẹni tó dúró títí káàdì náà fi dín dọ́là 100, ó ju ₦300,000 lọ tí yóò san. Owó dọ́là wálẹ̀, owó tiwa gòkè.

4. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀

Ká ní ọmọ ẹgbẹ́ kan yá ₦360,000, èlé rẹ̀ sì jẹ́ ₦18,000. Yóò san ₦31,500 lóṣooṣù fún oṣù 12. Bí káàdì náà yóò bá mú ₦45,000 wọlé sí i lóṣù, ₦13,500 yóò ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́. Bí ó bá fi oṣù mẹ́rin dúró de tuntun, ₦180,000 ni ó pàdánù. Àfi kí owó káàdì náà fi ìdajì wálẹ̀ kí ìdúró rẹ̀ tó lérè. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí iṣẹ́ nílẹ̀ tí káàdì náà yóò ṣe, ìdúró kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ wa ni kí ó dáhùn ìbéèrè wa, kì í ṣe àhesọ.

5. Kí a tó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀yáwó

(a) Ṣé káàdì ni ó ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn lóòótọ́? Nígbà mìíràn, ràm tàbí dísìkì ni.

(b) Kí a wo mẹ́mọ́rì, kí a má wo orúkọ nìkan. RTX 3060, tí wọ́n pè ní dọ́là 329 ní ọdún 2021, ní gígábáìtì 12. RTX 3070 tó wọ́n jù ú lọ ní 8.

(d) Ṣé iná wa gbé e? Wáàtì 320 ni RTX 3080 ń jẹ. Ilé iṣẹ́ náà ní kí páwà-sọ́pláì kọ̀ǹpútà jẹ́ 750. Kí a bi jẹnẹrétọ̀ àti ínfátà wa léèrè.

(e) Bí ó bá jẹ́ tòkunbọ̀, kí a wò ó lẹ́nu iṣẹ́ líle fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí a sì gba rìsíìtì.

(ẹ) Kí tuntun wọlé, kí ó ṣiṣẹ́, kí a tó ta àtijọ́.

Ìbéèrè fún ìjíròrò ní ìpàdé

1. Kí ni ó yẹ kí onídùúró bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ yáwó ra irinṣẹ́?

2. Irinṣẹ́ wo ni àhesọ ti mú kí a pẹ́ rà, tàbí kí a tètè tà, nínú ẹgbẹ́ wa? Kí ni ó ná wa?