Ilẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́ àti Ìbéèrè Ọmọdé

Fúnmiláyọ̀ ọmọ mi,

O béèrè bóyá kó o kó àwọn ọmọ tẹ̀ lé amọ̀nà ní British Museum ní ọlidé tó ń bọ̀, tàbí kẹ́ ẹ kàn máa wò kiri fúnra yín. Ẹ tẹ̀ lé amọ̀nà. Ṣùgbọ́n má fa ọmọ lé e lọ́wọ́ kó o wá lọ jókòó ti kọfí. Wákàtí kan, nǹkan mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré, kí ẹnu tìrẹ náà sì wà nínú ọ̀rọ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, mo sì ní ìdí.

Ẹni tó bá fẹ́ rí gbogbo mùsíọ́ọ̀mù lọ́jọ́ kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló máa rẹ̀. Jeffrey Smith àti Lisa Smith ṣọ́ àwọn tó wá wo iṣẹ́ ọnà ní Metropolitan Museum ní New York, wọ́n sì tẹ ohun tí wọ́n rí jáde ní 2001: nínú gbogbo ìgbà tí èèyàn dúró níwájú iṣẹ́ kan, ìdajì ni kò ju ìṣẹ́jú àáyá 17 lọ. Àwọn iṣẹ́ tó lórúkọ jù níbẹ̀ sì ni o! Wá fi èyí wé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Arkansas. Nígbà tí wọ́n ṣí mùsíọ́ọ̀mù Crystal Bridges ní 2011, ilé ẹ̀kọ́ tó fẹ́ kó ọmọ wá pọ̀ ju àyè tó wà lọ, ni wọ́n bá ṣẹ́ kèké. Àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Arkansas wá fi àwọn tí kèké mú wé àwọn tí kò tíì kàn, ọmọ tó sún mọ́ 11,000 láti ilé ẹ̀kọ́ 123. Wákàtí kan ni ìbẹ̀wò náà, nǹkan bí àwòrán márùn-ún ni wọ́n sì ń wò. Amọ̀nà ò ka ìtàn sí wọn létí, ó ń mú wọn sọ ohun tí ojú wọn rí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n ní kí àwọn ọmọ kọ̀wé nípa àwòrán tí wọn ò rí rí. Àwọn tó ti lọ fojú sí i ju àwọn yòókù lọ, èrè náà sì pọ̀ jù lára ọmọ ìgbèríko àti ọmọ tálákà. Nítorí náà, bí amọ̀nà bá sọ̀rọ̀ títí tí kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ọmọ, ìwọ ni kó o béèrè.

Jẹ́ kí n mú ohun kan tó kàn wá. Ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì tí Ọlọ́wẹ̀ ti Ìsẹ̀ gbẹ́ wà lọ́wọ́ British Museum. Ó gbẹ́ ẹ débi pé àwọn ère yọ síta lára pákó bí ẹni ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ. Lápá kan, Ògógà, ọba Ìkẹ́rẹ́, jókòó, adé ń bẹ lórí rẹ̀. Lápá kejì, Captain Ambrose, àjẹ́lẹ̀ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ni àwọn aláàárù ń gbé bọ̀. Má tíì ka àkọlé. Bi ọmọ léèrè: ta ló jókòó, ta ni wọ́n ń gbé? Ta ló wá bá ta? Kí lo rí tó o fi sọ bẹ́ẹ̀? O ní ìwọ kì í ṣe onímọ̀, pé amọ̀nà á mọ̀ jù ọ́ lọ. Ó lè mọ ọdún àti irú igi lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ lo mọ ohun tó túmọ̀ sí pé ọba ò dìde fún àlejò, ìwọ lo sì lè ki oríkì ìlú fún wọn níbẹ̀. Tí o bá dákẹ́, a jẹ́ pé ìdajì ilẹ̀kùn náà ni wọ́n rí.

Ọkọ rẹ ní ẹrù ogun ló kún ibẹ̀. Òótọ́ ni ti Bìní: ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ló kó idẹ wọn ní 1897, òfin 1963 sì ni mùsíọ́ọ̀mù náà máa ń tọ́ka sí tí wọ́n bá ní kó dá a padà. Kì í ṣe ọ̀nà kan náà ni gbogbo rẹ̀ gbà débẹ̀, ṣá. Ilẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́ lọ sí ìpàtẹ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Wembley ní 1924. Nígbà tí British Museum fẹ́ gbà á, ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Ògógà gbà fi pàrọ̀. Ṣé pàṣípààrọ̀ náà dọ́gba? Kí àwọn ọmọ bi amọ̀nà níṣojú gbogbo èèyàn. Ọmọ tí a ò mú débẹ̀ ò ní mọ ohun tó yẹ kó béèrè fún.

Ní ti ṣọ́ọ̀ṣì yín tó ní òrìṣà làwọn ère yẹn, wíwò kì í ṣe bíbọ. Àwọn òòṣà Gíríìkì wà nínú ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ níléèwé, n kò sì gbọ́ pé ẹ̀rù bà yín pé wọ́n á máa rúbọ sí Zeus.

Ọ̀fẹ́ ni ìwọlé. Yàrá ilẹ̀ Áfíríkà, nọ́ńbà 25, wà nísàlẹ̀. Kọ́kọ́ yẹ orí íntánẹ́ẹ̀tì wọn wò bóyá ilẹ̀kùn náà wà lórí ìpàtẹ, kó o sì wo ọjọ́ tí amọ̀nà àti ètò tọmọtòbí bọ́ sí. Béèrè tábìlì tí wọ́n ti ń jẹ́ kí èèyàn fọwọ́ kan ohun àtijọ́, torí ọwọ́ ọmọdé kì í sinmi. Bí ebi bá ti ń pa wọ́n, ẹ máa lọ sílé. Ìbéèrè tí o kò bá lè dáhùn, fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Mo lè rí ará Ìkẹ́rẹ́ bi.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ