Ẹ̀kọ́ Kejìlá: Béèlì fún Ẹni tó ti Ṣẹ̀ Rí

Ẹ ka àyọkà yìí, kí ẹ sì dáhùn àwọn ìbéèrè ìsàlẹ̀.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bó bá dàrán borí, aṣọ olè ló dà bora. Wọ́n tún ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Òwe méjèèjì ń jà nínú ọ̀rọ̀ béèlì.

Ká ní ọlọ́pàá mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní ọjà Barking, wọ́n sì fi ẹ̀sùn olè kàn án. Òfin Béèlì ọdún 1976 sọ pé kí ó gba béèlì, àfi bí adájọ́ bá rí ìdí pàtàkì láti gbà pé yóò sá lọ, pé yóò tún dẹ́ṣẹ̀, tàbí pé yóò dí ẹlẹ́rìí lọ́wọ́. Bí ó bá ti ṣẹ̀wọ̀n rí, adájọ́ lè wo ìyẹn pẹ̀lú.

Ní ọdún 1994, òfin tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ dé. Abala 25 rẹ̀ sọ pé ẹni tí wọ́n bá fi ẹ̀sùn ìpànìyàn tàbí ìfipábánilòpọ̀ kàn, tí ilé-ẹjọ́ sì ti dá lẹ́bi irú ẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí, kò gbọdọ̀ gba béèlì rárá. Bí òfin ṣe so adájọ́ lọ́wọ́ nìyẹn.

Ọkùnrin kan tí òfin yìí mú pe ìjọba Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́jọ́ ní Strasbourg, níbi tí Ilé-ẹjọ́ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Yúróòpù wà. Ẹjọ́ Caballero ni wọ́n ń pè é. Ìjọba gbà pé àwọn tàpá sí ẹ̀tọ́ rẹ̀, ìdájọ́ sì jáde ní oṣù Kejì ọdún 2000. Kó tó dìgbà náà, ní 1998, wọ́n ti tún òfin náà ṣe: irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè gba béèlì bí ohun àrà ọ̀tọ̀ bá wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní 2006, ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní ìlú náà ní bí ọkàn adájọ́ kò bá dá ṣáká lórí èyí, béèlì ni kó fún afurasí.

Ẹni tí wọ́n ṣe ní jàǹbá ní ẹ̀tọ́ láti sùn láìfòyà. Ṣùgbọ́n bí afurasí bá lo oṣù mẹ́fà ní àtìmọ́lé, tí ilé-ẹjọ́ sì wá dá a sílẹ̀, ta ni yóò dá oṣù mẹ́fà náà padà fún un?

Ọ̀rọ̀ tuntun
afurasí: ẹni tí wọ́n fura sí, tí ẹ̀bi kò tíì hàn lára rẹ̀
béèlì: àyè láti máa ti ilé wá jẹ́jọ́
àtìmọ́lé: ibi tí wọ́n ń ti afurasí mọ́

Ìbéèrè
1. Kí ni òfin 1994 gbà lọ́wọ́ adájọ́?
2. Àyípadà wo ló bá òfin náà ní 1998?
3. Nínú òwe méjèèjì, èwo ni ẹ fara mọ́? Ẹ sọ ìdí rẹ̀.