Orúkọ ńlá tí Boston ní, díẹ̀ ló kù kó bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́

Lọ́dún 1897 ni ẹgbẹ́ Boston Athletic Association bẹ̀rẹ̀ eré ìje Marathon nílùú Boston, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ọkùnrin 15 péré ló sáré lọ́jọ́ náà, John McDermott ló sì gbégbá orókè. Kò sí owó fún ẹni tó bá borí, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ṣe é fún nǹkan bí àádọ́rùn-ún ọdún.

Kí ló wá ń gbé èrò wá? Iyì ni. Nígbà tí èrò fẹ́ pọ̀ jù, wọn ò ṣílẹ̀kùn gbayawu. Lọ́dún 1970, wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun lè sáré náà tán láàárín wákàtí 4. (Àwọn oníṣòwò tó ń kéde ẹ̀dínwó lójoojúmọ́ lè rọra ka ibí yìí lẹ́ẹ̀mejì.) Títí dòní, yàtọ̀ sí àwọn tó ń kówó jọ fáwọn àjọ aláàánú, ẹni tó bá yára tó ló ń rí àyè wọlé. Ẹni tó bá ní òun sáré ní Boston, àwọn tó mọ̀ nípa eré sísá á mọ̀ pé kì í ṣe ẹgbẹ́ ọ̀lẹ.

Ṣùgbọ́n iyì nìkan ò ṣe é jẹ. Nígbà tó fi máa di bí ọdún 1980 sókè, àwọn eré mìíràn bíi ti New York ti ń sanwó, àwọn ìràwọ̀ eléré sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ibẹ̀ lọ. Lọ́dún 1981, ààrẹ ẹgbẹ́ náà tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú lọ́yà kan: kí iléeṣẹ́ lọ́yà náà máa wá onígbọ̀wọ́, kó máa san 400,000 dọ́là fún ẹgbẹ́ lọ́dọọdún, kí gbogbo èyí tó bá lé sì jẹ́ tiẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tó bá ṣáà ti ń san iye yẹn, àdéhùn ò ní í parí.

Lóòótọ́, ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ ti ní kí ààrẹ wá onígbọ̀wọ́. Àmọ́ wọn ò rí ìwé yẹn kó tó bọwọ́ lù ú. Ọ̀rọ̀ dé kóòtù. Lọ́dún 1984, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ìpínlẹ̀ Massachusetts sọ pé ìgbìmọ̀ ò lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé irú agbára ńlá bẹ́ẹ̀ lé ẹnì kan ṣoṣo lọ́wọ́, àdéhùn náà ò sì dúró. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jọ ń dòwò pọ̀, ta ló láṣẹ láti buwọ́ lùwé lórúkọ gbogbo yín, ibo sì ni àṣẹ ọ̀hún mọ?

Lọ́dún 1986, iléeṣẹ́ adójútòfò John Hancock gbé owó kalẹ̀. Rob de Castella, ọmọ Australia, gba 60,000 dọ́là àti mọ́tò. Ọdún 2023 ni John Hancock tó fi ipò onígbọ̀wọ́ àgbà sílẹ̀, Bank of America sì gbà á lọ́dún 2024.