Ẹ̀kọ́ fún Ọmọ Ẹgbẹ́: Iná Ìkìlọ̀ Ẹ́ábáàgì Tí Kò Kú

  Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí kò dá lórí ìwé owó. Ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí púpọ̀ nínú wa ń fi owó ẹ̀yá rà ni a ó sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹni tó ṣíwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n.

Ẹgbẹ́ kan ní Àgbóyì yá ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ kan lówó láti ra Honda Accord tí wọ́n ṣe ní 2002. Ọkọ̀ yìí fúnra rẹ̀ ni ohun ìdúró fún owó náà. Nígbà tí mo lọ bẹ ẹgbẹ́ náà wò, mo ní kí akọ̀wé mú mi lọ wo ọkọ̀ ọ̀hún ní òdì-kejì omi, níbi tó máa ń sùn. Ara rẹ̀ ń dán, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dákẹ́ jẹ́ẹ́. Mo yí kọ́kọ́rọ́ díẹ̀, mo tẹjú mọ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Iná ẹ́ábáàgì kò tàn rárá. Inú ọmọ ẹgbẹ́ wa dùn, ó ní, “Ọ̀gá, nígbà tí mo rà á, iná yẹn kì í kú. Rẹ̀wáyà àdúgbò ló bá mi pa á.” Ìdáhùn yẹn ló bí ẹ̀kọ́ yìí.

KÍ NI Ẹ́ÁBÁÀGÌ?

Àpò kan ni tí wọ́n ká sí àárín sítíárín, òmíràn sì wà níwájú ẹni tó jókòó ti awakọ̀. Bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan gidigidi, ohun tó ń mọ ìkọlù yóò ránṣẹ́ sí àpótí kékeré kan, tí a lè pè ní ọpọlọ ẹ̀rọ náà. Àpótí yìí sábà máa ń wà nílẹ̀, láàárín ìjókòó iwájú méjèèjì. Òun ni yóò fi iná mànàmáná ran ètù tó wà nínú àpò náà. Àpò yóò wú, kí àyà àti orí ènìyàn má bàa gbá sítíárín. Gbogbo rẹ̀ kò tó ìdá mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án 1997 ni òfin Amẹ́ríkà ti sọ pé gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun gbọ́dọ̀ ní in fún àwọn méjì tó jókòó níwájú. Nítorí náà, tòkunbọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ní in tán. Ẹ rántí pé kò rọ́pò bẹ́líìtì. Ẹni tí kò de bẹ́líìtì, àpò náà lè ṣe é léṣe. Ẹ̀yìn ọkọ̀ sì ni ààyè ọmọdé.

BÍ A ṢE Ń KA INÁ NÁÀ

Iná náà máa ń ní lẹ́tà SRS, tàbí àwòrán ènìyàn tó jókòó tí nǹkan roboto wà níwájú rẹ̀. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ kí iná dáṣíbọ́ọ̀dù tàn, ṣùgbọ́n ẹ má tíì sítáàtì ọkọ̀. Ẹ máa kà: ení, èjì, ẹ̀ta.

(1) Bí ó bá tàn, tó sì kú fúnra rẹ̀ ní bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́fà, àpótí ti yẹ ara rẹ̀ wò, kò rí àbùkù.

(2) Bí ó bá tàn tí kò kú, tàbí tó kú tó tún padà, àbùkù wà. Nígbà tó bá wà báyìí, àpò náà lè má jáde lọ́jọ́ tí a bá nílò rẹ̀.

(3) Bí kò bá tàn rárá, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti yọ gílóòbù rẹ̀. Èyí ló burú jù, nítorí a ti fọ́ ojú ẹ̀rọ náà.

(4) Bí kò bá kú títí ẹ fi sítáàtì ọkọ̀, tí òun àti iná bátìrì àti ti ọ́ìlì wá jọ kú lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ fura. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ti so wáyà rẹ̀ mọ́ tiwọn.

Ẹni tó yọ gílóòbù dà bí akápò tó fa ojú ìwé tí gbèsè wà ya. Gbèsè kò lọ, ẹni tí yóò rí i ni kò sí mọ́.

IBI TÍ ÀBÙKÙ TI Ń WÁ

Kí a tó ná owó, ẹ jẹ́ kí a tẹ̀lé e ní ìpele-ìpele.

Èkíní, bátìrì. Bátìrì tó ti rẹ̀ lè mú kí iná yìí tàn. Ẹ wò ó, kí ẹ sì wo bóyá orí rẹ̀ ti hu ìpẹtà.

Èkejì, abẹ́ ìjókòó. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, wáyà tó ní àwọ̀ òféèfèé gba ibẹ̀ kọjá. Bí iná bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí a ti ìjókòó síwá sẹ́yìn, tàbí lẹ́yìn tí a fọ inú ọkọ̀, níbẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ wò. Àwọ̀ yìí ni àmì ẹ́ábáàgì: ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Ẹ̀kẹta, ibi tí a ń ki bẹ́líìtì bọ̀. Ìdọ̀tí, kọ́ìnì tàbí èèpo ẹ̀pà tó bọ́ síbẹ̀ lè da iṣẹ́ rẹ̀ rú.

Ẹ̀kẹrin, wáyà pẹlẹbẹ tó ká róbótó lẹ́yìn sítíárín. Bí sítíárín ṣe ń yí ló ń ká tó ń tú, nítorí náà ó máa ń já nínú ọkọ̀ tó ti pẹ́. Bí fèrè ọkọ̀ kò bá dún mọ́ ní àkókò kan náà tí iná tàn, ẹ fura sí i.

Ẹ̀karùn-ún, omi. Èyí kàn wá púpọ̀. Àwa tí a wà létí Odò Ògùn mọ ohun tí ojú rí ní oṣù Kẹwàá 2010, nígbà tí omi tí wọ́n tú láti ìsédò Ọ̀yán bo ilé àti ọ̀nà ní Ajégúnlẹ̀ àti agbègbè Máìlì 12. Omi tó bá dé ìdajì ilẹ̀kùn ọkọ̀ ti kọjá àpótí ọpọlọ náà. A lè sá kápẹ́ẹ̀tì gbẹ, ṣùgbọ́n ìpẹtà yóò máa jẹ inú àpótí lọ. Omi lè ti bo tòkunbọ̀ bẹ́ẹ̀ ní òkè òkun kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Ẹ̀kẹfà, ìkọlù àtijọ́. Nígbà tí àpò bá ti jáde rí, àpótí máa ń fi í sọ́kàn. Àwọn kan á fi gọ́ọ̀mù lẹ ìbòrí padà, láìsí àpò kankan lábẹ́ rẹ̀.

Kí a má bàa máa méfò, kí a lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tó lè bá SRS sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ kékeré olówó pọ́ọ́kú tó ń ka ẹ́ńjìnnì nìkan kò lè ka èyí. Lẹ́yìn àtúnṣe ni a ń pa àkọsílẹ̀ àbùkù rẹ́. Bí a bá pa á rẹ́ tó tún padà, àbùkù ṣì wà níbẹ̀.

ÌKÌLỌ̀ PÀTÀKÌ

Ètù ni nǹkan yìí. Kí mẹkáníìkì tó fọwọ́ kàn án, kí ó pa ọkọ̀, kí ó yọ orí bátìrì tó jẹ́ òdì, kí ó sì dúró ó kéré tán ìṣẹ́jú mẹ́ta. Mẹ́wàá dára jù. Ìdí ni pé àpótí náà máa ń fi iná díẹ̀ pamọ́ sínú. Kò gbọdọ̀ fi iná ìdánwò tàbí mítà yẹ àpò náà fúnra rẹ̀ wò, nítorí ìwọ̀nba iná yẹn lè tú u lójú rẹ̀.

OHUN TÍ INÁ KÒ LÈ SỌ

Iná lè kú dáadáa, kí ewu sì wà níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Takata ti Jàpáànù ṣe ẹ́ábáàgì fún oríṣiríṣi ọkọ̀. Ètù tí wọ́n lò máa ń bàjẹ́ bí ooru àti ọ̀rinrin bá ń bá a jà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lọ́jọ́ ìkọlù, yóò fọ́ agolo irin tó wà nínú rẹ̀, yóò sì máa ta àfọ́kù irin sí ènìyàn lára. Ó ti pa ènìyàn ní orílẹ̀-èdè púpọ̀. Ní Amẹ́ríkà nìkan, ó lé ní mílíọ̀nù 67 irú agolo bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ní kí a dá padà. Takata wọko gbèsè ní 2017. Ní oṣù Kẹfà 2016, NHTSA, àjọ ààbò ojú pópó Amẹ́ríkà, kìlọ̀ pé nínú àwọn Honda kan tí wọ́n ṣe láàárín 2001 sí 2003, ó lè tó ìdajì àwọn àpò náà tí yóò fọ́ bí wọ́n bá jáde. Accord 2002 wà lára wọn. Ẹ sì mọ ooru àti ọ̀rinrin Èkó.

Bí a ṣe ń mọ̀ ni nọ́ńbà ọkọ̀ tó ní lẹ́tà àti òǹkà 17, tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú. Bí ọkọ̀ bá ti Amẹ́ríkà wá, ẹ tẹ nọ́ńbà náà sí ojú-ewé NHTSA lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀fẹ́ ni.

Ó yá, ẹ padà sọ́dọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ wa. Kọ̀ǹpútà fi hàn pé àpótí ọpọlọ kò dáhùn mọ́. Nígbà tí wọ́n ṣí i, omi ti jẹ ẹ́. Nọ́ńbà ọkọ̀ sì fi hàn pé wọn kò tíì pààrọ̀ àpò rẹ̀. Ẹ wo ohun tí ìbá ṣẹlẹ̀: bí ó bá tún àpótí nìkan ṣe kí iná lè kú, ńṣe ni ìbá jí àpò tó lè pa á sókè. Àpò ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ. Ìgbìmọ̀ sún sísan owó ẹ̀yá rẹ̀ síwájú fún oṣù mẹ́ta. Ó gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ aṣojú àwọn tó ṣe é, wọ́n pààrọ̀ àpò, lẹ́yìn náà ni wọ́n fi àpótí tuntun sí i. Owó náà dùn ún, ṣùgbọ́n ó ṣì ń wa ọkọ̀ rẹ̀, ó sì ń san gbèsè rẹ̀.

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó, kí owó tó jáde fún ọkọ̀, ẹ yí kọ́kọ́rọ́, ẹ ka iná náà, ẹ sì yẹ nọ́ńbà rẹ̀ wò. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌPÀDÉ

1. Kí ló fà á tí iná tí kò tàn rárá fi burú ju èyí tí kò kú?
2. Báwo ni a ṣe lè mọ̀ pé wọ́n so iná ẹ́ábáàgì mọ́ iná mìíràn?
3. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá fẹ́ fi ọkọ̀ tí omi ti bò rí ṣe ohun ìdúró, kí ni ẹgbẹ́ yín yóò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀?