Ìrókò Nínú Oko Kòkó: Bí A Ó Ṣe Gbà Á Lọ́wọ́ Kòkòrò

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, àwọn tó gbin ọmọ ìrókò sí gbangba láìpẹ́ yìí ń mú ewé rẹ̀ wá fún wa: kókó wẹ́wẹ́ ló bo ewé àti ọ̀mùnú. Tó bá yá, kókó á là, á jẹrà, orí igi á sì gbẹ wálẹ̀. Kòkòrò Phytolyma ló ń ṣe é. Ara ọ̀mùnú ló ń yé sí. Ọmọ rẹ̀ á wọ inú ewé, ewé á wú bò ó, ibẹ̀ ni yóò ti máa fa omi igi mu fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Òògùn tí ẹ ń fọ́n kò lè bá a níbẹ̀. Àfi bíi pé ó gbọ́ òwe wa pé kékeré la ti ń pa igi ìrókò.

Gbígbin ìrókò nìkan, ní ìlà-ìlà, sínú oòrùn, bí ẹni gbin tíìkì, ló ń fà á. Tíìkì àti mèlíná gba bẹ́ẹ̀: láti ìhà Íńdíà àti Bọ́mà ni wọ́n ti wá, ọ̀pọ̀ ọ̀tá wọn kò sì bá wọn wá. Ìrókò ní tirẹ̀ ń hù láti Guinea-Bissau títí dé Mozambique. Ọ̀tá rẹ̀ ti mọ ojúlé rẹ̀.

Abẹ́ ibòòji ni kí ẹ ti tọ́ ọ. Ẹ gbìn ín sínú ọ̀rá, ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe àtíbàbà lé e lórí, kí oòrùn máa yọ́ wọlé. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹ yẹ ọ̀mùnú kọ̀ọ̀kan wò; èyí tó bá wú, ẹ já a kó tó là, kí ẹ sì sun ún. Nígbà tí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, ẹ ṣí i lọ sáàárín kòkó àti àgbagbà. Kí afárá, idígbó tàbí ahùn wà láàárín ìrókò kan sí èkejì. Ẹ má jẹ́ kí ìrókò méjì fara kan ara wọn. Bí ó bá ti ga ju ènìyàn lọ dáadáa, ẹ máa dín ibòòji kù díẹ̀díẹ̀. Ibòòji àpọ̀jù ń mú kí kòkó jẹrà, nítorí náà, kí gbogbo igi ńlá inú hẹ́kítà kan má ju 15 sí 18 lọ.

Owó rẹ̀? Ọ̀rá àti owó lébìrà ló pọ̀ jù níbẹ̀, ó sì yàtọ̀ láti àdúgbò sí àdúgbò. Kò yẹ kó dẹ́rù ba ẹni tó ń ra òògùn kòkó lọ́dọọdún.

Àwọn kan ṣì ń sọ pé ìrókò kì í ṣe igi à ń gbìn, pé àdán ní í gbìn ín. Lóòótọ́, àdán ń jẹ èso rẹ̀, ó sì ń fọ́n irúgbìn rẹ̀ ká. Ṣùgbọ́n abo igi nìkan ló ń so, ẹ sì ti tà á fún àwọn agégi. Kí ni àdán yóò wá jẹ?

Ẹ ṣọ́ra gidigidi fún irú igi tí ẹ fi ń ṣe ibòòji. Àràbà àti obì kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀ rárá: wọ́n lè gba àrùn tí ń mú ẹ̀ka kòkó wú sára, kòkòrò wẹ́wẹ́ funfun á sì gbé e lọ sára kòkó. Nítorí àrùn yìí ni ìjọba fi gé kòkó lulẹ̀ ní agbègbè Ìbàdàn láàárín àwọn ọdún 1940. Àwọn bàbá yín kò gbàgbé. Kòkó tí àrùn yìí bá ti mú kò ní ìwòsàn. Gígé ni.

Ẹ má sì fi iná ro oko tí ọmọ ìrókò wà. Ẹni tó bá rí kókó lára ewé rẹ̀ lónìí, kó já a, kó sun ún, kó tó wá pè wá.