Mánà Òòjọ́ àti Àká Jósẹ́fù: Ẹ̀kọ́ lórí Oúnjẹ, Òòrùn àti Òògùn Oníhóró

Nítorí pé ẹni tí ara rẹ̀ le ni ó ń ṣe àjọ̀dún, ẹ jẹ́ kí a fi ojú-ìwé díẹ̀ kọ́ ẹ̀kọ́ lórí ìtọ́jú ara.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n ebi pín sí oríṣi méjì. Ọ̀kan ń pariwo: inú a máa kùn, ẹni tí ó ń pa yóò sì wá oúnjẹ lọ. Èkejì kì í sọ̀rọ̀. Ó lè wà lára ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ẹ̀bà yó tí ó sì gùnfẹ̀. Ọmọ tí irú ebi yìí ń pa lè máa tòògbé nínú kíláàsì, kí olùkọ́ sì pè é ní ọ̀lẹ. Ìyá tí ó ń pa lè máa mí hẹlẹhẹlẹ bí ó bá gun àtẹ̀gùn díẹ̀, kí a sì ní ọjọ́ orí ni. Àìtó fítámì àti mínírà ni ebi kejì yìí.

Kí ni à ń pè bẹ́ẹ̀?

Mínírà tí a ń wí níhìn-ín kì í ṣe mínírà inú ìgò tí a ń gbé fún àlejò níbi àríyá. Àwọn èròjà tí ó ti inú ilẹ̀ wá ni: irin, kálísíọ̀mù, àyódíìnì, síǹkì àti àwọn mìíràn. Ewéko ń fà wọ́n láti inú ilẹ̀, ẹranko ń jẹ ewéko, àwa náà sì ń rí wọn gbà lọ́wọ́ méjèèjì. Fítámì ní tirẹ̀ jẹ́ èròjà tí ohun abẹ̀mí ń ṣe sínú ara rẹ̀. Ìwọ̀nba kékeré ni ara ń fẹ́ nínú wọn, ṣùgbọ́n bí ìwọ̀nba náà kò bá sí, iṣu, ìrẹsì àti ẹran tí a jẹ kò ní lè ṣe gbogbo iṣẹ́ wọn.

Ní ọdún 1747, oníṣègùn ojú omi kan tí ń jẹ́ James Lind wà nínú ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí à ń pè ní Salisbury. Àrùn kan ń pa àwọn atukọ̀ nígbà náà: eríngì wọn a máa ṣẹ̀jẹ̀, ọgbẹ́ àtijọ́ a sì máa ṣí padà. Lind mú atukọ̀ 12 tí àrùn náà ń ṣe, ó pín wọn ní méjì-méjì, ó sì fún ìpín kọ̀ọ̀kan ní ìtọ́jú tirẹ̀. Àwọn méjì tí ó fún ní ọsàn àti òroǹbó ni ara wọn kọ́kọ́ yá; láàárín ọjọ́ mẹ́fà, ọ̀kan nínú wọn ti lè padà sẹ́nu iṣẹ́. Síbẹ̀, ọdún 1795 ni ilé iṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì tó fi omi òroǹbó sí oúnjẹ àwọn atukọ̀ wọn. Ọdún 48 kọjá láàárín ìgbà tí ìwòsàn ti hàn àti ìgbà tí a mú un lò. Ìdí nìyí tí ẹ̀kọ́ yìí kò fi gbọdọ̀ parí sórí ìwé.

Ti òòjọ́ àti ti inú àká

Ìtàn méjì nínú Bíbélì lè ràn wá lọ́wọ́ láti rántí bí fítámì ti ń ṣiṣẹ́. Ní Ẹ́kísódù orí 16, àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ń kó mánà lójoojúmọ́. Èyí tí wọ́n bá fi pamọ́ di ọjọ́ kejì a máa bàjẹ́, àfi ti ọjọ́ tí ó ṣáájú ọjọ́ ìsinmi. Ní Jẹ́nẹ́sísì orí 41, Jósẹ́fù kó ọkà pamọ́ sínú àká fún ọdún méje, Íjíbítì sì rí jẹ nígbà ìyàn.

Fítámì C àti púpọ̀ nínú ẹbí fítámì B dàbí mánà. Omi ń yọ́ wọn. Èyí tí ara kò bá lò yóò bá ìtọ̀ jáde. A kò lè jẹ ọsàn ogún lọ́jọ́ Àìkú kí a sì fi ṣe ti oṣù kan. Fítámì A, D, E àti K dàbí ọkà Jósẹ́fù. Ọ̀rá ni wọ́n ń bá rìn, ara sì ń tọ́jú wọn pamọ́, pàápàá sínú ẹ̀dọ̀ àti ọ̀rá ara. B12 nìkan ni ó ya ẹbí rẹ̀ sílẹ̀: omi ń yọ́ ọ, síbẹ̀ ẹ̀dọ̀ ń fi í pamọ́. Inú ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà ni a ti ń rí i, kò sí nínú ewébẹ̀.

Ohun méjì ni èyí kọ́ wa. Ti mánà, a gbọ́dọ̀ máa wá a déédéé. Ti inú àká, bí a bá ń kó o jù, àká náà lè ya. A óò padà sórí èyí.

Ohun tí ó ń sọnù nínú ìkòkò

Ẹ̀bùn Ọlọ́run pọ̀ lọ́jà wa: ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú, ẹ̀wà, ẹyin, edé, gúáfà, ìbẹ́pẹ, mángòrò, àgbálùmọ̀ ní àsìkò ọyẹ́. Púpọ̀ nínú oore wọn ni a ń dà nù nínú ilé ìdáná. Ẹni tí ó rẹ́ ẹ̀fọ́ tán kí ó tó fọ̀ ọ́, tí ó sè é pẹ́, tí ó sì fún omi rẹ̀ dànù, omi ọbẹ̀ náà ni ó fi fítámì C rẹ̀ bọ. Bí a bá fi káún sí i kí ó lè tètè rọ̀, fítámì C àti B1 tún bàjẹ́ sí i. Ẹ jẹ́ kí a máa fọ ẹ̀fọ́ kí a tó rẹ́ ẹ, kí a dà á sínú ọbẹ̀ nígbà tí ọbẹ̀ bá ti ń jinná, kí ó sì má pẹ́ lórí iná. Ewúro ni a ò lè ṣe láìfọ̀ nítorí kíkorò rẹ̀. Èso tí a bá jẹ tẹ̀lé e yóò dí àlàfo náà.

Epo pupa jẹ́ ọ̀kan nínú orísun fítámì A tí ó dára jù nílẹ̀ wa; èròjà tí ó sọ ọ́ di pupa gan-an ni ara ń sọ di fítámì náà. Bí a bá yọ́ epo lórí iná títí àwọ̀ rẹ̀ fi ṣí, bí a ti ń ṣe fún ọbẹ̀ ayamáṣe, èròjà náà ti bá èéfín lọ. Kò burú kí a jẹ ẹ́ nígbà àríyá, ṣùgbọ́n kí ó má jẹ́ ti ojoojúmọ́. Láti ọdún 2011 pàápàá ni ẹ̀gẹ́ tí inú rẹ̀ pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ ti jáde fún àwọn àgbẹ̀ Nàìjíríà. Àwọn onímọ̀ IITA ní Ìbàdàn lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ náà, kí gààrí pàápàá lè máa fún ọmọ ní fítámì A. Ọmọ tí fítámì yìí kò tó lára rẹ̀ kì í ríran dáadáa bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Bí ó bá pọ̀ jù, ojú lè fọ́ pátápátá.

Irin ni ó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè gbé afẹ́fẹ́ tí a mí sínú kiri ara. Àwọn ọmọbìnrin wa tí ó ti ń ṣe nǹkan oṣù ń pàdánù díẹ̀ nínú rẹ̀ lóṣooṣù, nítorí náà ni ó fi tètè ń tán lára wọn. Irin inú ẹran àti ẹja rọrùn fún ara láti gbà. Ti inú ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ ṣòro díẹ̀, ṣùgbọ́n ọsàn kan tí a jẹ pẹ̀lú oúnjẹ náà ń ràn án lọ́wọ́ láti wọlé. Tíì tí a mu mọ́ oúnjẹ ń dí i lọ́nà. Ẹ jẹ́ kí a sún un síwájú fún wákàtí kan tàbí méjì. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń di ẹrù lọ́jọ́ ìbẹ̀wò, bí gààrí, ṣúgà àti bisikíìtì bá ti wọlé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ẹ̀pà, ọsàn àti ẹja gbígbẹ tì í.

Òòrùn: ohun tí ó lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe

Fítámì D nìkan ni ara wa lè fi ìtànṣán òòrùn ṣe fúnra rẹ̀. Òun ni ó ń jẹ́ kí ara lè gba kálísíọ̀mù tí ń mú egungun le. Nílẹ̀ wa, ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó ń jáde lọ́sàn-án ń rí i tó. Ẹni tí ó jókòó sẹ́yìn gíláàsì ọkọ̀ tàbí fèrèsé kò rí nǹkan kan gbà, nítorí gíláàsì ń dá ìtànṣán tí ń ṣe iṣẹ́ yìí dúró. Àwọn ọmọ wa tí ó jẹ́ àfín kò gbọdọ̀ sá sóòrùn. Ìpalára tí yóò ṣe sí awọ ara wọn pọ̀ ju èrè lọ. Oúnjẹ àti ìmọ̀ràn dókítà ni tiwọn.

Ọ̀pọ̀ ń rò pé níbi tí òòrùn bá ti pọ̀, ẹsẹ̀ ọmọ kò lè tẹ̀. Ní Jos, níbi tí òòrùn kò ti wọ́n, àwọn oníṣègùn rí ọ̀pọ̀ ọmọ tí ẹsẹ̀ wọn tẹ̀ nítorí pé egungun wọn kò le. Ní ọdún 1999, Thomas Thacher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbájáde ìwádìí wọn jáde lórí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ 123. Wọ́n fún àwọn kan ní fítámì D, àwọn kan ní kálísíọ̀mù, àwọn yòókù ní méjèèjì. Àwọn tí ó gba kálísíọ̀mù, yálà òun nìkan tàbí pẹ̀lú fítámì D, sàn ju àwọn tí ó gba fítámì D nìkan lọ. Oúnjẹ ni ó kù díẹ̀ káàtó: bí 200 mílígíráàmù kálísíọ̀mù péré ni irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ń rí jẹ lóòjọ́. Nígbà tí ó yá, ìwádìí mìíràn fi hàn pé ẹja tí a lọ̀ tegungun-tegungun náà lè wo àìsàn yìí. Bí òòrùn bá ti ṣí ilẹ̀kùn, ẹni tí yóò wọlé gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. Edé, ẹja wẹ́wẹ́ tí a ń jẹ tegungun-tegungun, wàrà àti ewédú ni kí a fi sí oúnjẹ ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú. Ẹ̀kọ tútù nìkan kò tó.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde wa tí ẹ wà ní Bìrìtéènì, ọ̀rọ̀ tiyín yàtọ̀. Láti oṣù Kẹwàá títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta, òòrùn ibẹ̀ kò lágbára tó láti ṣe fítámì D sí ara ẹnikẹ́ni. Àwọ̀ dúdú tí Ọlọ́run fi dáàbò bò wá lọ́wọ́ òòrùn gbígbóná ń jẹ́ kí ti àwa pẹ́ kí ó tó ṣe, àní nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn pàápàá. Nítorí náà ni ìjọba ibẹ̀ fi gba gbogbo ènìyàn nímọ̀ràn láti ronú lílo máíkírógíráàmù 10 fítámì D lóòjọ́ nígbà òtútù, tí wọ́n sì ní kí àwa aláwọ̀ dúdú ronú lílo rẹ̀ yípo ọdún. Kì í ṣe àìnígbàgbọ́ láti lò ó.

Òògùn oníhóró: ìrànlọ́wọ́ ni, kì í ṣe arọ́pò

Àwọn kan wà tí oúnjẹ nìkan kò lè tó fún. Aláboyún nílò irin àti fólíkì ásíìdì tí a ń fún un ní ilé ìwòsàn. Kí ó má ṣe jù wọ́n sí abẹ́ ìrọ̀rí nítorí pé wọ́n ń dá èébì sí i lọ́fun. Ọmọ láti oṣù mẹ́fà títí di ọdún márùn-ún yẹ kí ó gba fítámì A ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà ní ilé ìwòsàn ìjọba. Iyọ̀ tí a fi àyódíìnì sí, èyí tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1993, ń dáàbò bo ọmọ lọ́wọ́ gẹ̀gẹ̀ àti lọ́wọ́ ọpọlọ tí kò jí pépé. Ẹ máa dé e, kí afẹ́fẹ́ má bàa gba agbára rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí àká tí ó lè ya. Fítámì A tí ó pọ̀ jù ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ó sì lè pa ọmọ inú lára. Hóró irin tí ọmọ kékeré bá kó jẹ bí súìtì lè gba ẹ̀mí rẹ̀. Ẹ gbé e sókè níbi tí ọwọ́ ọmọ kò ti lè tó o. Òògùn ẹ̀jẹ̀ tí a ń rà káàkiri kì í ṣe fún gbogbo ẹni tí ojú rẹ̀ bá funfun. Ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS lè ti ní irin púpọ̀ jù lára, pàápàá bí a ti ń fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Kí a má ṣe fún un ní irin láìjẹ́ pé dókítà pa á láṣẹ. Bí ó bá sì jẹ́ pé ibà tàbí aràn ni ó ń jẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ, àpò òògùn kan kò ní tó bí a kò bá wo ohun tí ó fà á. Kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí a tó rà á, kí a sì wo nọ́ńbà NAFDAC lára páálí rẹ̀.

Ìbéèrè fún ìjíròrò nínú ìdílé

1. Nínú oúnjẹ tí a jẹ lánàá, èwo ni ó jẹ́ mánà, èwo ni ó jẹ́ ti àká?
2. Kí ni a ń ṣe sí ẹ̀fọ́ àti epo wa tí ó yẹ kí a yí padà?
3. Ta ni nínú ilé wa, tàbí nínú ẹbí wa lókè òkun, tí òòrùn kò tó fún?
4. Òògùn oníhóró wo ni ó wà nínú ilé, ta ni ó pa á láṣẹ, níbo sì ni a gbé e sí?

Ara tí a gbé wọ̀ jẹ́ tẹ́ḿpìlì Ẹ̀mí Mímọ́, gẹ́gẹ́ bí Pọ́ọ̀lù ti kọ́ àwọn ará Kọ́ríńtì. Ẹni tí a fi tẹ́ḿpìlì sí lọ́wọ́ kì í dúró de ìgbà tí ògiri bá là kí ó tó wò ó. Ẹ má jẹ́ kí ọdún 48 kọjá lórí ohun tí a ti mọ̀. Láti orí ìkòkò alẹ́ òní ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Ọlọ́run yóò fún wa ní ìlera láti tún rí ara wa ní àjọ̀dún mìíràn. Àmín.